Nígbà Tí Ojú Ọmọ Tuntun Bá Pọ́n: Iṣẹ́ Tí Ìmọ́lẹ̀ Ń Ṣe

Bí obìnrin bá bímọ, tí ó di ọjọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta, tí ojú ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n rúsúrúsú bí ìyeyè, ìmọ̀ràn tí àwọn ìyá àgbà àti aládùúgbò máa ń kọ́kọ́ mú wá ni pé: "Ẹ gbé e sí oòrùn àárọ̀, yóò lọ." Àwọn ìyá wa kò purọ́ pé ìmọ́lẹ̀ ní iṣẹ́ tí ó ń ṣe lára irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò tán síbẹ̀. Irú ìmọ́lẹ̀ wo ni? Báwo ni yóò ti pọ̀ tó? Ta ni ó ń yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà wò láti mọ̀ bóyá àrùn náà ń lọ ni tàbí ó ń pọ̀ sí i? Nítorí pé a kò béèrè ìbéèrè wọ̀nyí, àwọn ọmọ kan tí ì bá máa gbọ́ràn ti di adití, àwọn mìíràn tí ì bá máa sáré kiri ilé kò lè dá jókòó.

KÍ NI Ó Ń MÚ OJÚ ỌMỌ PỌ́N?

Nínú ẹ̀jẹ̀ gbogbo wa ni àwọn sẹ́ẹ̀lì pupa wà. Bí wọ́n bá gbó, ara a máa fọ́ wọn, ara a sì máa ṣe òmíràn. Láti inú àwọn tí ó fọ́ yìí ni èròjà aláwọ̀ ìyeyè kan ti ń jáde, tí àwọn dókítà ń pè ní bilirubin. Iṣẹ́ ẹ̀dọ̀ ni láti pa èròjà yìí dà, kí ó lè bá òróòro lọ sínú ìfun, kí ó sì bá ìgbẹ́ jáde.

Nígbà tí ọmọ wà nínú oyún, ibi-ọmọ ni ó ń kó o lọ sára ìyá, tí ẹ̀dọ̀ ìyá ń bá a ṣiṣẹ́. Lọ́jọ́ tí a bá bí i, ẹ̀dọ̀ tirẹ̀ gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀dọ̀ náà kò tíì lágbára. Ìdí nìyí tí nǹkan bí ọmọ 6 nínú 10 tí oṣù wọn pé, àti nǹkan bí 8 nínú 10 tí oṣù wọn kò pé, fi máa ń ní ibà pọ́njú yìí ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Lára èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn, yóò lọ fúnra rẹ̀.

Àwọn tí ó yẹ kí a bẹ̀rù nítorí wọn ni àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn ń fọ́ jù. Ó lè jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ìyá àti ti ọmọ kò bára mu. Ó sì lè jẹ́ pé èròjà kan tí à ń pè ní G6PD kò tó nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ. Àìtó G6PD yìí wọ́pọ̀ láàárín àwa ènìyàn dúdú, ó sì máa ń yọ ọmọkùnrin lẹ́nu ju ọmọbìnrin lọ. Bí bilirubin bá pọ̀ jù, yóò wọ inú ọpọlọ. Ohun tí ó bá bàjẹ́ níbẹ̀, kò sí oògùn tí ń tún un ṣe.

OHUN TÍ NỌ́Ọ̀SÌ KAN ṢÀKÍYÈSÍ

Ní ọdún 1956, ní ilé ìwòsàn Rochford, ní Essex, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Sister Jean Ward ni ó ń ṣe àbójútó àwọn ọmọ tí oṣù wọn kò pé. Ó gbà pé afẹ́fẹ́ àti oòrùn dára fún wọn, nítorí náà bí ojú ọjọ́ bá dára, a máa gbé wọn jáde sí àgbàlá. Lọ́jọ́ kan ó fi ọmọ kan han àwọn dókítà. Ara ọmọ náà ti mọ́, àfi ibì kan ṣoṣo tí aṣọ bò. Ibẹ̀ ṣì pọ́n rúsúrúsú bí ó ti wà tẹ́lẹ̀.

Láìpẹ́ sí ìgbà náà, ìgò ẹ̀jẹ̀ ọmọ kan tí ó ní ibà pọ́njú wà lójú fèrèsé tí oòrùn ń tàn sí fún wákàtí bíi mélòó kan. Nígbà tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ náà wò, bilirubin inú rẹ̀ ti dín kù gan-an. Dókítà Cremer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rò ó papọ̀, wọ́n ṣe àpótí oníná tí a lè tẹ́ ọmọ sí lábẹ́, wọ́n sì kọ ìròyìn iṣẹ́ wọn sínú ìwé ìròyìn The Lancet ní 1958. Ní 1968, Dókítà Jerold Lucey àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà fi ìwádìí tiwọn hàn pé ìtọ́jú náà ń ṣiṣẹ́ lára àwọn ọmọ tí oṣù wọn kò pé. Láti ìgbà náà ni ìtọ́jú abẹ́ iná ti tàn kálẹ̀ káàkiri ayé.

BÍ ÌMỌ́LẸ̀ ṢE Ń ṢE É

Ẹ jẹ́ kí a fi ewé pàtánmọ́ ṣe àpèjúwe. Bilirubin dà bí ewé náà nígbà tí a bá fọwọ́ kàn án: ó ká ara rẹ̀ jọ. Apá ibi tí ó lè bá omi rẹ́ fara pamọ́ sínú, nítorí náà ó kọ omi bí epo ti ń kọ omi. Ohun tí ó bá kọ omi, kò rọrùn fún ara láti tú u dànù.

Bí ìmọ́lẹ̀ bá gba awọ ara ọmọ kọjá, tí ó kan bilirubin, apá kan nínú rẹ̀ yóò yí padà bí ẹni yí ọwọ́ ìlẹ̀kùn. Ohun tí ó ká jọ yóò ṣí. Nígbà náà ni yóò lè bá omi lọ, yóò gba inú òróòro àti ìtọ̀ jáde, láìdúró de ẹ̀dọ̀ tí kò tíì lágbára. Àwọn onímọ̀ tí ń fi iná laser ṣe ìwádìí ti rí i pé yíyí náà kì í gba àkókò tí ó tó ìdá kan nínú bílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá kan. Irú yíyí bẹ́ẹ̀ náà ni ó ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹyinjú wa, tí a fi ń ríran.

Kì í ṣe ooru ni ó ń ṣe iṣẹ́ yìí. Ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ búlúù, tí ó wà láàárín ìwọ̀n 460 sí 490 nanometer, ni ó dára jù, nítorí pé òun ni bilirubin máa ń gbà mọ́ra. Gílóòbù lásán tí à ń tàn sínú yàrá kò tó, bí ó ti wù kí ó mú ilé gbóná tó.

ÌWÁDÌÍ TI ÈKÓ ÀTI TI ÒGBÓMỌ̀ṢỌ́

Gbogbo wa ni a mọ bí iná mànàmáná ṣe ń ṣe sí wa. Bí iná bá lọ, ẹ̀rọ ìtọ́jú náà yóò kú, ọmọ yóò sì wà nínú ewu. Èyí ni ó mú kí Dókítà Tina Slusher láti Amẹ́ríkà, Dókítà Bọ́lájókòó Olúsànyà ní Èkó, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ronú pé: ṣé a kò lè lo oòrùn tí Ọlọ́run fún wa lọ́pọ̀lọpọ̀?

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé nǹkan mẹ́ta ni oòrùn ń gbé wá pọ̀. Ìmọ́lẹ̀ búlúù tí ń ṣiṣẹ́ wà níbẹ̀. Ìtànṣán ultraviolet tí ń jó awọ ara wà níbẹ̀. Ooru tí ń mú ara ọmọ gbóná jù náà wà níbẹ̀. Wọ́n wá pa àgọ́ kan, wọ́n fi ọ̀rá tín-ín-rín tí ń sẹ́ ìmọ́lẹ̀ bò ó, bí a ti ń fi asẹ́ sẹ́ ògì. Ọ̀rá náà dá ultraviolet àti ooru púpọ̀ dúró, ó jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ búlúù wọlé. Ìyá jókòó lábẹ́ àgọ́ pẹ̀lú ọmọ rẹ̀.

Ìròyìn ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Island Maternity Hospital, ní Ìsàlẹ̀ Èkó, jáde ní 2015. Ọmọ 447 ni ó kópa níbẹ̀. Ìtọ́jú abẹ́ àgọ́ oòrùn ṣiṣẹ́ ní 93 nínú ọgọ́rùn-ún ọjọ́ ìtọ́jú; ti abẹ́ iná ṣiṣẹ́ ní 90. Kò sí ọmọ kankan nínú wọn tí ó nílò pé kí a pààrọ̀ ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀. Ní 2018, ìròyìn ìwádìí ti Bowen University Teaching Hospital ní Ògbómọ̀ṣọ́ jáde, èyí tí wọ́n fi àwọn ọmọ tí tiwọn le jù bẹ́ẹ̀ lọ ṣe. Níbẹ̀ náà, àgọ́ oòrùn kò rẹ̀yìn sí iná alágbára.

Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: àwọn nọ́ọ̀sì ń wọn bí ara ọmọ ti gbóná sí, wọ́n ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, wọ́n sì ń wọn ìmọ́lẹ̀ náà pàápàá. Èyí kọ́ ni kí a tẹ́ ọmọ sí ẹ̀yìnkùlé fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí a sì fọkàn balẹ̀.

KÍ NI KÍ ÒBÍ ṢE?

1. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ máa wo ọmọ lójoojúmọ́ nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán. Ẹ wo funfun ojú rẹ̀ àti èrìgì rẹ̀. Ẹ fi ìka tẹ iwájú orí tàbí imú rẹ̀ díẹ̀, kí ẹ wo àwọ̀ ibẹ̀ bí ẹ bá ti gbé ìka kúrò.

2. Bí ó bá pọ́n kí ọmọ tó pé wákàtí 24, tàbí tí ó dé àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀, tàbí tí ọmọ kò mu ọmú, tí ó ń sùn jù, tí ó ń ké kíkan-kíkan, tí ó ń ká ẹ̀yìn, tàbí tí gírì mú un, ilé ìwòsàn ni lójú ẹsẹ̀, ìbáà ṣe òru.

3. Ẹ má ṣe fi káńfọ̀ sáàárín aṣọ ọmọ. Ó lè mú kí ẹ̀jẹ̀ ọmọ tí G6PD rẹ̀ kò tó máa fọ́. Àgbo àti omi glúkóòsì kì í lé bilirubin lọ. Ọmú ìyá ni kí ẹ máa fún un lemọ́lemọ́.

4. Ẹ̀yin aláboyún, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ irú ẹ̀jẹ̀ yín wò kí ọjọ́ ìbímọ tó pé.

5. Bí wọ́n bá bọ́ ọmọ sí ìhòòhò lábẹ́ iná, tí wọ́n sì fi nǹkan bo ojú rẹ̀, ẹ má bínú. Nítorí kí ìmọ́lẹ̀ lè kan ara púpọ̀, kí ó má sì pa ojú lára ni. Ẹ máa béèrè iye tí bilirubin rẹ̀ jẹ́.

6. Bí ó bá ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, tàbí tí ìgbẹ́ ọmọ funfun tí ìtọ̀ rẹ̀ sì dúdú, ẹ padà sọ́dọ̀ dókítà. Àrùn mìíràn lè wà nídìí rẹ̀.

A mọ̀ pé àwọn òbí mìíràn ń bẹ̀rù pé bí àwọn bá gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn, a ó ní ìgbàgbọ́ àwọn kò tó. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ gbàdúrà lójú ọ̀nà, ẹ gbàdúrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí iná, ṣùgbọ́n ẹ máa lọ. Ẹ̀yin bàbá, ẹ má jẹ́ kí ìyá ọmọ jókòó máa retí ìgbà tí ẹ ó ti ibi iṣẹ́ dé kí ó tó gba àṣẹ. Ẹ fi owó ọkọ̀ sílé kí ìyàwó yín tó bímọ. Ẹ sì sọ fún un ṣáájú pé bí ojú ọmọ bá pọ́n, kí ó gbé e, kí ó máa lọ.