Jẹjẹrẹ Ẹ̀dọ̀: Kókó Kékeré Ni Ooru Ń Pa

Àwọn àgbà ní kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ rí.

Bí kókó jẹjẹrẹ náà kò bá tíì ju sẹ̀ǹtímítà 3 lọ, àwọn dókítà lè fi ooru pa á. Wọn a ki abẹ́rẹ́ gígùn bọ inú rẹ̀, láti orí awọ tàbí nígbà tí wọ́n bá la ikùn fún iṣẹ́ abẹ. Iná mànàmáná a mú ibi tí orí abẹ́rẹ́ wà gbóná ju ìwọ̀n 60 Celsius lọ. Kókó a kú, ẹ̀dọ̀ tí ó kù a sì bọ́. Èyí ṣàǹfààní fún ẹni tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ kò lágbára tó kí a gé lára rẹ̀.

Ṣùgbọ́n àrùn yìí kì í tètè fi ara hàn. Nígbà tí ikùn bá wú tí ojú sì pọ́n, kókó sábà máa ń tóbi ju ohun tí ooru lè ká lọ.

Àrùn mẹ́dọ̀wú B ni ó sábà ń fa jẹjẹrẹ yìí nílẹ̀ wa, ìyá sì lè kó o ran ọmọ nígbà ìbí. Nítorí náà, ẹ̀yin ìyá ní Mowe, Ibafo àti Ifo:

1. Ẹ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ nígbà oyún.
2. Ẹ jẹ́ kí ọmọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára mẹ́dọ̀wú B kí wákàtí 24 tó pé, kí ó sì gba èyí tí ó kù ní ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14. Láti ọdún 2004 ni ó ti wà nínú ètò àjẹsára Nàìjíríà.
3. Ẹni tí ó bá ní àrùn náà, kí ó bi dókítà bí ó bá yẹ kí a máa ya àwòrán ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ní oṣù mẹ́fà-mẹ́fà.
4. Ẹ da ẹ̀pà àti àgbàdo tí ó bá ti bu nù. Oró inú wọn ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́.