Pupa Wo Ni Ẹ̀ Ń Wí?

Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ ń fi C++ kọ sọ́fíwia tí àwọn ọmọdé yóò fi kọ́ àmì ohùn. Ó ní, "Prof, mo ti pa àwọ̀ dialog náà dà, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn àwọn ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ṣì rí bí eérú."

Dialog, àpótí kékeré tó máa ń yọjú bi wá bóyá ká fi iṣẹ́ pamọ́, kì í ṣe ohun kan ṣoṣo lójú Windows. Fèrèsé ni òun fúnra rẹ̀, fèrèsé sì ni gbogbo ọ̀rọ̀ àti bọ́tìnì inú rẹ̀. Kí Windows tó yà wọ́n, á béèrè àwọ̀ wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: WM_CTLCOLORDLG fún àpótí, WM_CTLCOLORSTATIC fún ọ̀rọ̀ tí a kàn ń kà. Ẹ dáhùn ti àkọ́kọ́, ẹ dákẹ́ sí èkejì, eérú á kù síbẹ̀. Búrọ́ọ̀ṣì tí ẹ fi CreateSolidBrush ṣe lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ni èsì méjèèjì. Fún ọ̀rọ̀, ẹ fi SetTextColor yan àwọ̀ lẹ́tà, kí ẹ sì fi SetBkMode sọ ẹ̀yìn rẹ̀ di TRANSPARENT. Bọ́tìnì ní tirẹ̀, olórí kunkun ni. Àfi kí ẹ fọwọ́ ara yín yà á.

Orúkọ àwọ̀ gan-an ló kan iṣẹ́ tèmi. Lọ́dọ̀ wa, epo pupa ni, ẹ̀jẹ̀ pupa ni, ẹni tí ara rẹ̀ mọ́lẹ̀ náà, pupa ni. A ò ṣi ara wa gbọ́, torí a mọ ohun tí à ń sọ̀rọ̀ bá. Kọ̀ǹpútà ò rí epo o! Nọ́ńbà mẹ́ta ló fẹ́, láti 0 dé 255: pupa mélòó, àwọ̀ ewé mélòó, búlúù mélòó. RGB(255, 0, 0) ni pupa tí kò ní àbùlà. Ṣùgbọ́n nínú COLORREF ti Windows, búlúù ló ṣíwájú, pupa ló kẹ́yìn. Ẹni tó bá mú FF0000 láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, tó kọ ọ́ síbẹ̀ bẹ́ẹ̀, búlúù ló máa rí.

Ọ̀rọ̀ yìí ò kéré lójú mi, nítorí ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀. Tí àwọ̀ lẹ́tà bá sún mọ́ ti ẹ̀yìn rẹ̀ jù, àmì tíńtín yẹn ló kọ́kọ́ ń pòórá, ọmọ á sì kọ́ ọ̀rọ̀ míì. Ìlànà WCAG ní kí ìyàtọ̀ ìmọ́lẹ̀ lẹ́tà kéékèèké àti ẹ̀yìn wọn tó 4.5 sí 1, ó kéré tán. Ẹ tún wò ó bóyá ẹni náà ti tan High Contrast sí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Tó bá ti tàn án, ẹ fi àwọ̀ tiyín sílẹ̀, kí ẹ lo èyí tí GetSysColor bá fún yín. Èmi náà ń lò ó.