Ikú Ló La Ìka Rẹ

Ṣé o mọ̀ pé ikú ti ń ṣiṣẹ́ lára rẹ kí wọ́n tó bí ọ? Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹfà, ọwọ́ ọlẹ̀ kò tíì ní ìka. Ó rí pẹlẹbẹ bí àjẹ̀ tí wọ́n fi ń wa ọkọ̀ ojú omi. Àwọn sẹ́ẹ̀lì àárín ló kú tí ìka fi là sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Wo ẹsẹ̀ adìẹ, kí o tún wo ti pẹ́pẹ́yẹ. Ikú ṣiṣẹ́ tán ní ti adìẹ. Ní ti pẹ́pẹ́yẹ, ó dá awọ àárín sí, òun ló fi ń lúwẹ̀ẹ́.

Ìrù ọmọ ọ̀pọ̀lọ́ náà kì í já. Sẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀ ló ń kú díẹ̀díẹ̀ títí ìrù á fi tán.

Ṣé o mọ̀ pé aràn kékeré kan wà, C. elegans, tí wọ́n ti ka ikú inú ara rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan? Bó ṣe ń dàgbà, sẹ́ẹ̀lì 1,090 ló ń ní. 131 gbọ́dọ̀ kú, àwọn sẹ́ẹ̀lì kan náà ni lára gbogbo aràn náà. (Ẹni tó jókòó kà á kú sùúrù o!) Iṣẹ́ yìí wà lára ohun tí àwọn onímọ̀ Brenner, Horvitz àti Sulston fi gba ẹ̀bùn Nobel ní 2002.

Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa ńkọ́? Nǹkan bí ọjọ́ 120 ló ń lò. Bó bá gbó, ara á fọ́ ọ, á yọ irin inú rẹ̀, á fi ṣe tuntun. Lára ẹni tó ní fòníkú-fọ̀ladìde, kì í sábà kọjá ọjọ́ 20. Mùdùnmúdùn egungun kò lè bá irú ikú bẹ́ẹ̀ sáré, ìdí nìyí tí ẹ̀jẹ̀ fi ń wọ́n wọn.

Ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì tó kọ̀ tí kò kú ló burú jù. Èyí tó bàjẹ́, tó yẹ kó pa ara rẹ̀, tó wá ń bí sí i lọ́tùn-ún lósì, òun là ń pè ní jẹjẹrẹ. Jíìnì TP53 wà lára ohun tó ń pàṣẹ ikú fún sẹ́ẹ̀lì tó bàjẹ́. Ẹ̀dà kan ni tiwa. Erin ní 20, jẹjẹrẹ kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ mú un.

Jẹjẹrẹ ọrùn ilé ọmọ pa obìnrin kan, Henrietta Lacks, ní Baltimore ní Amẹ́ríkà ní 1951. Kó tó kú, wọ́n ti gé díẹ̀ lára jẹjẹrẹ náà láì bi í. Sẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀ kọ̀, kò kú, ó ṣì ń dàgbà nínú ìgò àwọn onímọ̀ káàkiri ayé dòní. Fáírọ́ọ̀sì HPV ló ń fa irú jẹjẹrẹ yẹn, Nàìjíríà sì ti ń fún àwọn ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14 ní àjẹsára rẹ̀ láti 2023. Bí tìrẹ bá ti tó, mú un lọ gbà á.