Orín Ata Dé Iwájú Jẹjẹrẹ Ẹnu

Kóòtù funfun àti ìbọ̀wọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ fún wa kí a tó wọ yàrá ìwádìí. Lórí tábìlì àkọ́kọ́ ni gbòǹgbò orín ata wà. Wọ́n ti sá a gbẹ, wọ́n lọ̀ ọ́ kúnná, wọ́n sì rẹ ẹ́ sínú ọtí líle. Nígbà tí ẹ̀rọ fa ọtí náà gbẹ tán, nǹkan ṣíṣú tó lẹ̀ mọ́ ìdí ìgò ló kù; òun ni oògùn tí wọ́n ń dán wò.

Yàrá kejì ni jẹjẹrẹ wà, nínú àpótí tó ń móoru ní ìwọ̀n 37, bí ara ènìyàn ṣe ń móoru. CAL 27 ni wọ́n ń pe irú sẹ́ẹ̀lì yìí. Ahọ́n ọkùnrin ẹni ọdún 56 kan ni wọ́n ti mú un ní ìlú Nice, nílẹ̀ Faransé, lọ́dún 1982, ó sì ń bí sí i títí di òní. Mo fojú sí awò: àwọn sẹ́ẹ̀lì náà fún mọ́ra wọn gádígádí bí òkúta tí wọ́n tẹ́ síwájú ilé. Ó dùn mí láti rò pé ẹnu ẹnìkan lèyí ti ń dàgbà.

Abọ́ pẹlẹbẹ oníhò 96 ni wọ́n pín wọn sí. Ihò kan gba oògùn tó ki, òmíràn gba èyí tó fúyẹ́, àwọn kan gba kìkì ohun tí wọ́n fi po oògùn. Abọ́ mìíràn wà fún sẹ́ẹ̀lì erìgì tó dá.

Mo bi dókítà tó ń mú wa kiri ìdí rẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọṣẹ ìfọṣọ náà á pa jẹjẹrẹ nínú abọ́. Èyí tó máa pa á, tó sì máa dá ara tó dá sí, là ń wá."

Tó bá dọjọ́ kejì, wọ́n á da omi pupa rúsúrúsú kan sí i, MTT. Sẹ́ẹ̀lì tó bá wà láàyè á sọ ọ́ di elése àlùkò láàárín wákàtí mélòó kan. Èyí tó ti kú kò lè yí i padà. Ẹ̀rọ ló máa wá ka bí àwọ̀ náà ṣe dúdú tó.

Ọ̀nà láti inú abọ́ dé ilé ìwòsàn jìn. Lọ́dún 1972 ni àwọn onímọ̀ kéde fagaronine, èròjà inú gbòǹgbò orín ata tó ń bá jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ jà lára eku. Kò tíì di oògùn ilé ìwòsàn. Àmọ́ vincristine, tó ti ara ewé òdòdó Madagásíkà wá, ń wo àwọn ọmọ tó ní jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ lónìí. Nítorí náà, iṣẹ́ yìí tọ́ sí owó àti sùúrù.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ fi orín ata yín rin eyín, kò burú. Ṣùgbọ́n egbò ẹnu, tàbí àbàwọ́n funfun tàbí pupa, tó bá ti kọjá ọ̀sẹ̀ méjì tí kò jinná, ẹ má fi àgbo dá a dúró. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà eyín.