Oṣù Ọ̀wàrà: Bí A Ṣe Ń Tú Bóòtù Tó Ti Gan Lára Ẹ̀rọ Ìlagi

Bí Ọ̀wàrà bá ń lọ sópin, òjò a máa palẹ̀ mọ́. Ìgbà yìí ló yẹ kí onísọ́mìlì àti kápẹ́ńtà tú ẹ̀rọ wọn, kí wọ́n nù ún, kí wọ́n sì tún un tò. Nọ́ọ̀tì kan ṣoṣo tó kọ̀ tí kò yí ló sábà ń dá iṣẹ́ náà dúró. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, èyí tí a bá fagbára mú ní í le koko. Agbára ló ń já bóòtù. Epo, sùúrù àti mímọ apá ibi tó ń tú sí ló ń yọ ọ́.

Ohun tó ń mú un gan

Lẹ́búlẹ́bú pákó máa ń fa omi mọ́ra, ó sì ń pa omi náà mọ́ sí ìdí bóòtù. Ní Oko Bàbá, l'Èbúté Mẹ́ta, níbi tí ìgẹdú ti máa ń gba orí ọ̀sà wọlé tẹ́lẹ̀, atẹ́gùn ibẹ̀ pàápàá lómi nínú. Ìpẹtà gba àyè ju ìlọ́po méjì irin tó jẹ lọ, nítorí náà ó ń fún ara rẹ̀ mọ́ àárín tírẹ́ẹ̀dì títí àlàfo á fi tán.

Òmíràn ò ní ìpẹtà rárá. Àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, irú Wadkin ti ìlú Leicester, sábà máa ń lo tírẹ́ẹ̀dì tí Joseph Whitworth gbé kalẹ̀ ní 1841. Igun rẹ̀ jẹ́ dígírì 55. Ti onímílímítà jẹ́ 60. Ẹni tó bá fipá wé nọ́ọ̀tì onímílímítà mọ́ ọn ti dè é pa nìyẹn. Sípánà náà gbọ́dọ̀ bá a mu rẹ́gí, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ orí bóòtù á bó.

Bí a ṣe ń tú u

1. Ẹ pa iná ẹ̀rọ láti orísun, kí ẹ sì yọ bẹ́líìtì. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé pé kò síná. Iná lè dé lójijì nígbà tí ọwọ́ yín wà lára ayùn.
2. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha tírẹ́ẹ̀dì tó yọ síta.
3. Ẹ po díísù tàbí kẹrosíìnì mọ́ ọ́ìlì díẹ̀, kí ẹ ro ó sí ìdí nọ́ọ̀tì nírọ̀lẹ́, kí ẹ tún un ro láàárọ̀. Ẹ má lo pẹtiróò.
4. Ẹ fi òòlù kan ẹ̀gbẹ́ nọ́ọ̀tì yíká, pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́, lọ́pọ̀ ìgbà. Gbígbọ̀n yẹn ló ń fọ́ ìpẹtà kí epo lè wọlé.
5. Ẹ fi sípánà ríìngì fún un díẹ̀ sí i ná, kí ẹ tó tú u. Bó bá ti mì, ẹ tú u díẹ̀, ẹ dá a padà, ẹ ro epo, ẹ tún tú u.
6. Iná ló kẹ́yìn. Ẹ nu epo nù, ẹ gbá lẹ́búlẹ́bú kúrò pátápátá, ẹ gbé yẹ̀pẹ̀ sítòsí. Nọ́ọ̀tì ni kí ẹ yáná sí, kì í ṣe bóòtù, kí nọ́ọ̀tì lè fẹ̀ kúrò lára rẹ̀. Ẹ má ṣe é nítòsí bíárì.

Ayùn rìbìtì

Ọ̀pọ̀ nọ́ọ̀tì ayùn tí wọ́n ní ó ti gan, fífún ni wọ́n ń fún un sí i. Wọ́n ṣe tírẹ́ẹ̀dì rẹ̀ kí yíyí ayùn má baà tú u. Nítorí náà, apá ibi tí ayùn ń yí sí bó bá ń la pákó ni kí ẹ yí nọ́ọ̀tì sí láti tú u. Ibi tí ẹnu eyín ayùn kọjú sí ni. Ẹ fi pákó há eyín rẹ̀ kó má baà yí, ẹ má fi ọwọ́ dì í mú. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí lára ẹ̀rọ ìpọ́nrin olókùúta méjì: nọ́ọ̀tì apá òsì ń tú sí ọ̀tún.

Bí a bá ń dá a padà

Ẹ fọ tírẹ́ẹ̀dì, kí ẹ fi gíríìsì díẹ̀ pa á. Gíríìsì ń mú kó yí wọ́ọ́rọ́wọ́, nítorí náà ẹ má fi páìpù mú ọwọ́ sípánà gùn láti fún un. Ti bóòtù tó di ọ̀bẹ plénà mú yàtọ̀: bí orí rẹ̀ bá ti bó tàbí tírẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ti jẹ, ẹ jù ú nù, kí ẹ ra irú rẹ̀ gan-an. Bó bá já lẹ́nu iṣẹ́, ọ̀bẹ náà á fò jáde, ẹni tó dúró níwájú ẹ̀rọ ló sì máa bá.