Máńgòrò ní Gúúsù Éṣíà: Èso Òrìṣà, Èso Ọba, Èso Olóṣèlú

Agbègbè tí àríwá ìlà-oòrùn Íńdíà, Bangladéṣì àti Myanmar ti pààlà ni orírun máńgòrò. Ó ti tó nǹkan bí 4,000 ọdún tí àwọn ará Íńdíà ti ń gbìn ín, ibẹ̀ náà sì ni ìran máńgòrò tó wà nílẹ̀ Yorùbá ti ṣẹ̀ wá. Ṣùgbọ́n ní Gúúsù Éṣíà, máńgòrò kì í ṣe oúnjẹ nìkan. Ẹ̀bùn iyì ni, wọ́n fi ń bọlá fún òrìṣà, wọ́n fi ń wá ojúure ọba, àwọn olórí ìjọba sì ń fi í ránṣẹ́ síra wọn.

Àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù ní Tamil Nadu máa ń sọ pé Narada, ọlọ́gbọ́n arìnrìn-àjò, gbé máńgòrò kan ṣoṣo wá fún òrìṣà Shiva. Èso náà kò ṣeé pín, ọmọ méjì ló sì wà nílé: Ganesha àti Murugan. Bàbá wọn ní ẹni tó bá kọ́kọ́ yí ayé po ni yóò jẹ ẹ́. Murugan gun ọ̀kín rẹ̀, ó bọ́ sọ́nà. Ganesha ní tirẹ̀ rọra yí bàbá àti ìyá rẹ̀ po, ó ní àwọn ni ayé òun, ló bá gba èso. Nígbà tí Murugan dé, inú bí i, ó fi ilé sílẹ̀, ó sì lọ tẹ̀dó sórí òkè Palani, níbi tí ogunlọ́gọ̀ èèyàn ti ń lọ júbà rẹ̀ títí di òní. Àwọn ẹlẹ́sìn Búdà náà kò gbàgbé Ambapali, gbajúmọ̀ obìnrin ìlú Vaishali, tó fi ọgbà máńgòrò rẹ̀ ta Búdà lọ́rẹ. Bí ìgbéyàwó tàbí ọdún bá dé nílé Híńdù, ewé máńgòrò tútù ni wọ́n ń so sókè ẹnu ọ̀nà.

Òdòdó rẹ̀ ni àwọn akéwì ayé àtijọ́ fẹ́ràn jù. Ọfà márùn-ún ni Kamadeva, òrìṣà ìfẹ́, ní, òdòdó sì ni gbogbo wọn; ti máńgòrò wà lára wọn. Nínú eré tí akéwì Kalidasa kọ nípa Shakuntala, ọba tó kọ aya rẹ̀ tó sì wá ń kábàámọ̀ fòfin de ọdún ìrúwé. Àwọn ọmọbìnrin méjì tí kò gbọ́ nípa òfin náà ń já òdòdó máńgòrò fún Kamadeva ní tiwọn, ni ìránṣẹ́ ọba bá bá wọn wí.

Àwọn ọba Mughal tó jọba ní Íńdíà ló sọ ọgbà máńgòrò di ohun àmúyangàn ọlọ́lá. Wọ́n ní Akbar, ọ̀kan lára wọn, gbin 100,000 igi sí ọgbà kan nítòsí Darbhanga, ní Bihar. Máńgòrò tó bá hù láti inú kóró lè má jọ ìyá rẹ̀ rárá, nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ adùn kan náà gbọ́dọ̀ gé ẹ̀ka igi tó dára, kó sì lọ́ ọ mọ́ ìdí igi mìíràn. Àwọn Potogí tó wà ní Goa tan iṣẹ́ yìí kálẹ̀. Alphonso, tí ọ̀pọ̀ èèyàn kà sí ọba máńgòrò, ń jẹ́ orúkọ Afonso de Albuquerque tó gba Goa ní 1510.

Kò sí akéwì tó fẹ́ràn máńgòrò tó Mirza Ghalib (1797–1869) ti Delhi. Altaf Hussain Hali, tó kọ ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀, sọ pé Ghalib ń bá ọba Bahadur Shah Zafar rìn nínú ọgbà tó jẹ́ pé ará ààfin nìkan ló ń jẹ èso rẹ̀. Ghalib kò yé tẹjú mọ́ àwọn èso náà. Ọba bi í léèrè ohun tó ń wá. Ó fèsì pé àwọn àgbà ní orúkọ ẹni tí yóò jẹ èso kọ̀ọ̀kan ti wà lára rẹ̀, òun ń wò ó bóyá orúkọ òun àti ti baba òun wà níbẹ̀. Ọba rẹ́rìn-ín, ó sì fi apẹ̀rẹ̀ kan tó kún dẹ́nu ránṣẹ́ sí i lọ́jọ́ náà gan-an. Ọgbọ́n ìtọrọ tó dára jù bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n.

Ìtàn ìjọba náà kọjá lábẹ́ igi yìí. Ní oṣù kẹfà 1757, inú oko máńgòrò ni àwọn ọmọ ogun Robert Clive, ọ̀gágun Gẹ̀ẹ́sì, sá pa mọ́ sí ní Plassey. Òjò rọ̀, ẹ̀tù Siraj ud-Daulah, ọba Bengal, tutù, Mir Jafar tó jẹ́ ọ̀gágun rẹ̀ sì dà á. Bí Bengal ṣe bọ́ sọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì nìyẹn. Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹrin 1971, nínú oko máńgòrò mìíràn tí kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà síbẹ̀, àwọn aṣíwájú Bangladéṣì búra wọlé gẹ́gẹ́ bí ìjọba orílẹ̀-èdè tuntun. Igi máńgòrò ni igi orílẹ̀-èdè wọn láti 2010.

Ẹ̀bùn tó ṣe kàyéfì jù ni èyí tí Mian Arshad Hussain, mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè Pakísítánì, gbé fún Mao Zedong, olórí Ṣáínà, ní oṣù kẹjọ 1968. Mao kò jẹ ẹ́. Ó pín in fún àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n rán lọ pẹ̀tù sí ìjà àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Tsinghua. Èso tí ọ̀pọ̀ wọn kò rí rí di ohun tí wọ́n ń wárí fún. Wọ́n fi ìda mọ àwòrán rẹ̀, wọ́n gbé e sínú àpótí dígí, wọ́n sì ń gbé e káàkiri ìlú.

Lónìí, òwò àti òfin ti wọ ọ̀rọ̀ náà. Amẹ́ríkà fòfin de máńgòrò Íńdíà ní 1989 nítorí kòkòrò, kò sì gbà á wọlé títí di 2007, nígbà tí Íńdíà gbà láti máa fi ìtànṣán ká kòkòrò náà lọ́wọ́ kò. Íńdíà ló ń kórè máńgòrò jù lọ lágbàáyé, ó lé ní mílíọ̀nù 20 tọ́ọ̀nù lọ́dún. Ìwọ̀nba díẹ̀ ló ń ré òkun kọjá. Àwọn ará ibẹ̀ fúnra wọn ló ń jẹ èyí tó pọ̀ jù.