Báàgì Olówó Pọ́ọ́kú fún Ẹrù Eré Ìje Mọ́tò: Ohun Tó Yẹ Kẹ́ Ẹ Wò Kẹ́ Ẹ Tó Sanwó

Ṣé ẹ mọ fóòmù funfun tí wọ́n máa ń fi di tẹlifíṣàn sínú páálí? Tí pẹtiróòlù bá kán sí i lórí, kì í pẹ́ tó fi máa yọ́, bí ìgbà tí ṣúgà bá bọ́ sínú tíì gbígbóná. Tẹ́ ẹ bá ti rí i rí lọ́dọ̀ mẹkáníìkì, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ.

Ó dáa. Fóòmù yẹn gan-an, èyí tó le jù ú lọ díẹ̀, ló wà nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ hẹ́límẹ́ẹ̀tì, ì báà jẹ́ ti ọlọ́kadà tàbí ti ẹni tó ń fi mọ́tò sáré ìje. Ẹ wá wo ẹni tó ra àṣíborí olówó gọbọi, tó wá jù ú sínú báàgì kan náà pẹ̀lú àkísà tó fi nu ẹ́ńjìnnì àti agolo epo tí wọ́n ń fín sí ṣéènì. Báàgì yẹn lè dára lójú o, àmọ́ ó ti ń ba ohun tó yẹ kó dáàbò bo orí jẹ́ díẹ̀díẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ ká sọ̀rọ̀ nípa báàgì lónìí. Eré ìje mọ́tò ń jẹ owó. Lewis Hamilton tó gba ife-ẹ̀yẹ Formula 1 lẹ́ẹ̀méje, go-kart ló fi bẹ̀rẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọ ọdún 8, iṣẹ́ bíi mélòó kan ni bàbá ẹ̀ sì ń ṣe pa pọ̀ kówó lè tó. Torí náà, tẹ́ ẹ bá ti ra àṣíborí, aṣọ, bàtà àti ìbọ̀wọ́ tán, owó tó máa ṣẹ́ kù fún báàgì kì í pọ̀. Kò burú. Báàgì tí kò wọ́n lè ṣe iṣẹ́ náà dáadáa, tẹ́ ẹ bá ṣáà mọ iṣẹ́ tẹ́ ẹ fẹ́ kó ṣe.

Kí ló wà nínú ẹrù yìí gan-an?

Ẹ kọ́kọ́ mọ irú eré tẹ́ ẹ ń sá. Go-kart kì í ní bẹ́líìtì. Tó bá dojú dé, ó lè ju ẹni tó ń wà á sílẹ̀, kó máa wọ́ lórí ọ̀dà. Aṣọ tó nípọn tí ọ̀dà kò lè tètè họ ya ni wọ́n ń wọ̀ fún un, wọ́n sì máa ń wọ ohun líle kan tó ń dáàbò bo egungun ìhà.

Ti mọ́tò eré ìje yàtọ̀. Iná ni wọ́n ń bẹ̀rù jù níbẹ̀. Aṣọ wọn sábà máa ń jẹ́ Nomex, ìyẹn òwú tí ilé iṣẹ́ DuPont ní Amẹ́ríkà gbé jáde ní àwọn ọdún 1960. Wọ́n tún máa ń gbé HANS kọ́ ọrùn. Ó rí bí àjàgà kékeré tó jókòó lé èjìká, tí wọ́n fi okùn méjì so mọ́ àṣíborí, kí orí má bàa fò síwájú nígbà tí mọ́tò bá dúró lójijì. Robert Hubbard tó jẹ́ onímọ̀ nípa ara èèyàn àti awakọ̀ eré ìje Jim Downing ló ṣe é. Láti 2003 ni Formula 1 ti sọ ọ́ di dandan.

Tẹ́ ẹ bá kó gbogbo ẹ̀ jọ sórí ìwọ̀n, ó sábà máa ń wà láàárín kílò 5 sí 8. Ẹ ò rí i pé kò wúwo! Ó kàn gba ààyè ni. Àṣíborí nìkan máa ń gùn tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 35, èèyàn ò sì lè ká a bí aṣọ. Nítorí náà, tí ẹni tó ń ta báàgì bá ń sọ fún yín pé tiẹ̀ lè gbé 40 kílò, ẹ rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹ ò nílò ẹ̀. Ohun tẹ́ ẹ nílò ni báàgì tó lè gba àwọn ọ̀tá mẹ́ta kan lọ́wọ́ yín.

Ọ̀tá kìíní: títẹ̀ àti gbígbá

Bí àṣíborí ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé. Tí orí bá gbá nǹkan, àìmọye ihò kéékèèké tó kún fún afẹ́fẹ́ nínú fóòmù yẹn á fọ́ mọ́ra wọn. Ìyẹn ló ń jẹ́ kí orí rọra dúró dípò kó dúró gbàgà. Àmọ́ kì í ṣe bíi fóòmù bẹ́ẹ̀dì tó máa ń wú padà. Ibi tó bá ti tẹ̀, ó ti lo ara ẹ̀ tán níbẹ̀.

Àwọn kan á ní tí àṣíborí bá ti já bọ́ lẹ́ẹ̀kan péré, ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀ tán. Snell Foundation, àjọ tó ń dán àṣíborí wò tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1957, ṣàlàyé pé ìgbà tí orí bá wà nínú ẹ̀ ni ìbàjẹ́ gidi sábà máa ń ṣẹlẹ̀. Ó yéni. Àṣíborí òfìfo sábà máa ń wúwo tó nǹkan bíi kílò kan àtààbọ̀, àmọ́ orí èèyàn tó nǹkan bíi kílò 5, òun ló sì máa ń tẹ fóòmù náà láti inú. Ṣùgbọ́n àjọ náà tún kìlọ̀ pé tó bá ń já bọ́ lemọ́lemọ́, agbára ẹ̀ lè dín kù.

Ẹ má fojú kékeré wo ọ̀rọ̀ àjọ yìí o. Orúkọ awakọ̀ eré ìje kan, Pete Snell, ni wọ́n fi sọ ọ́. Ìjàǹbá eré ìje ló pa á ní 1956. Ó dé àṣíborí lọ́jọ́ náà, àmọ́ àṣíborí ọ̀hún ò lè gbà á.

Torí náà, báàgì tó dáa gbọ́dọ̀ ní ààyè tí àṣíborí á dá wà, tí ògiri ẹ̀ ní fóòmù tàbí páálí líle díẹ̀. Tí kò bá sì ní, kó tóbi débi tẹ́ ẹ fi lè ki nǹkan rírọ̀ yí i ká. Ẹ má ki HANS tàbí sípánà sínú ihò àṣíborí láéláé kẹ́ ẹ lè dín ẹrù kù. Ẹnu ẹ̀ tó le á máa gún fóòmù náà ní gbogbo ìgbà tí mọ́tò bá bọ́ sí kòtò. Ṣé ẹ sì mọ̀ pé kòtò ò wọ́n lọ́nà wa.

Ọ̀tá kejì: epo

A ti rí ohun tí pẹtiróòlù ń ṣe fún fóòmù. Ohun tí wọ́n fi ń nu ọ̀dà èékánná náà lè ṣe irú ẹ̀. Ti aṣọ tún burú sí i. Nomex kì í tètè jó torí pé bí wọ́n ṣe ṣẹ̀dá òwú ẹ̀ gan-an nìyẹn. Kì í ṣe oògùn tí wọ́n rẹ ẹ́ sí, nítorí náà fífọ̀ kò lè fọ agbára náà dànù. Ṣùgbọ́n tí gíríìsì tàbí pẹtiróòlù bá wà lára aṣọ, epo yẹn fúnra ẹ̀ á gbiná. Aṣọ lè má jó, kí epo orí ẹ̀ máa jó yín.

Níbo ni epo ti sábà máa ń wá? Abẹ́ bàtà ni! Ẹ máa rìn káàkiri níbi tí wọ́n ti ń tún mọ́tò ṣe, ẹ̀yìn ìyẹn lẹ máa ju bàtà lé aṣọ lórí. Ìdí rèé tí ààyè bàtà tó dá dúró fi ṣe pàtàkì ju orúkọ tí wọ́n kọ gàdàgbà sí ara báàgì lọ. Tí kò bá sí, àpò ọ̀rá méjì á ṣe é. Agolo epo àti àkísà ẹlẹ́po, inú ike tiwọn ni kí wọ́n máa wà, kì í ṣe inú báàgì yìí rárá.

Ọ̀tá kẹta: òógùn

Òógùn fúnra ẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ rùn. Àwọn kòkòrò àìfojúrí tó wà lára wa ló ń jẹ ohun tó wà nínú ẹ̀, ohun tí wọ́n sì sọ ọ́ dà ló ń rùn. Ohun mẹ́ta ni wọ́n fẹ́ràn: ibi tó tutù rinrin, ibi tó móoru, àti ibi tí afẹ́fẹ́ kì í gbà kọjá. Báàgì tí omi ò lè wọ̀ rárá, tẹ́ ẹ wá di aṣọ tútù sínú ẹ̀, tẹ́ ẹ fi sínú búùtù mọ́tò lọ́sàn-án gangan, gbogbo ẹ̀ ló ní. Ilé ìgbéyàwó lẹ kọ́ fún wọn yẹn!

Kì í sì í ṣe òórùn nìkan. Òógùn wà lára àwọn ohun tó ń jẹ àṣíborí, torí ẹ̀ sì ni Snell fi ń gbani nímọ̀ràn pé ká pààrọ̀ ẹ̀ lẹ́yìn ọdún 5 tá a bá ń lò ó. Ẹ wá báàgì tó ní nẹ́ẹ̀tì ní ẹ̀gbẹ́ kan. Tẹ́ ẹ bá sì ti délé, ẹ kó gbogbo ẹ̀ jáde lọ́jọ́ náà, kẹ́ ẹ sá a síbi tí atẹ́gùn wà, kì í ṣe inú oòrùn. Ìtànṣán oòrùn máa ń dín agbára òwú Nomex kù.

Bẹ́ ẹ ṣe máa fọwọ́ yẹ báàgì wò lọ́jà

Ẹ wo àmì tó wà lára ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí 600D, ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé tí wọ́n bá na fọ́nrán òwú tí wọ́n fi hun ún dé 9,000 mítà, ìwọ̀n ẹ̀ á jẹ́ gíráàmù 600. Bí nọ́ńbà ṣe ń pọ̀ sí i ni òwú ń ki sí i. 600D tó fún iṣẹ́ yìí. Tí ìsàlẹ̀ ẹ̀ bá jẹ́ 1000D tàbí rọ́bà, ó dáa bẹ́ẹ̀, torí ìsàlẹ̀ ló ń wọ́ nílẹ̀.

Ẹ yí orí sípù padà, kẹ́ ẹ wo ẹ̀yìn ẹ̀. Nọ́ńbà sábà máa ń wà níbẹ̀: 5, 8 tàbí 10. Ó sún mọ́ iye mìlímítà tí eyín sípù náà fẹ̀ tó. 5 dára fún àpò ẹ̀gbẹ́, àmọ́ ẹnu báàgì gangan yẹ kó jẹ́ 8 tàbí 10. Ẹ ṣí i, kẹ́ ẹ pa á dé nígbà mẹ́wàá, ní kọ̀rọ̀ ibi tó ti yí ni kẹ́ ẹ sì tẹjú mọ́. Ibẹ̀ ló ti máa ń há.

Ẹ fa ọwọ́ báàgì pẹ̀lú agbára, kẹ́ ẹ máa wo ojú rírán ẹ̀. Ó yẹ kí wọ́n rán an ní ìlà púpọ̀, kó dà bí àpótí tí wọ́n fi àgbélébùú sí láàárín.

Ẹ wo bí okùn èjìká ṣe fẹ̀ tó. Ẹni tó bá ti gbé garawa omi tí ọwọ́ ẹ̀ jẹ́ wáyà rí mọ bó ṣe ń ge ọwọ́. Omi yẹn kọ́ ló pọ̀ jù, wáyà ló tín-ínrín jù. Okùn tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 5 á pín ẹrù sórí ààyè tó jẹ́ ìlọ́po méjì ti okùn tó fẹ̀ ní 2.5, ìnira èjìká á sì di ìdajì.

Táyà abẹ́ báàgì ńkọ́? Ó dùn ní pápákọ̀ òfuurufú, àmọ́ irin àti táyà yẹn fúnra wọn lè wúwo tó kílò 2 sí 3, àwọn ló sì máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́ lára báàgì pọ́ọ́kú. Fún ẹrù tí kò ju kílò 8 lọ, èmi á gba okùn èjìká tó fẹ̀.

Tówó ò bá tó ńkọ́?

Ẹ ò nílò báàgì tí wọ́n kọ "eré ìje" sí lára. Báàgì eré ìdárayá ńlá, ì báà jẹ́ tòkùnbọ̀, tó gùn ní 70, tó fẹ̀ ní 35, tó ga ní 30 sẹ̀ǹtímítà, lè gba nǹkan bíi lítà 73. Ó tó. Ẹ wá ra àpò aláwọ̀ rírọ̀ fún àṣíborí, tàbí kẹ́ ẹ ní kí télọ̀ fi ògbólógbòó búláńkẹ́ẹ̀tì rán an. Ẹ tẹ́ fóòmù pẹlẹbẹ sí ìsàlẹ̀ báàgì. Aṣọ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ tẹ́ sílẹ̀, kí àṣíborí wà láàárín, kí bàtà wà ní ìpẹ̀kun kejì nínú àpò tiẹ̀. Ẹ ki ìwé ìròyìn sínú bàtà, á fa omi inú ẹ̀ jáde. Báàgì Gánà-mọ́sì-gò ńkọ́? Fún táwẹ̀lì àti ìjókòó, kò burú. Fún àṣíborí, rárá o, kò ní ìrísí tó lè gba nǹkan kan dúró.

Tó bá jẹ́ pé ẹ máa wọkọ̀ òfuurufú

Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú tó ń lọ sókè òkun máa ń gba kílò 23 fún báàgì kan, kí gígùn, fífẹ̀ àti gíga ẹ̀ pa pọ̀ má sì kọjá sẹ̀ǹtímítà 158. Báàgì tá a sọ lókè yẹn, 70 àti 35 àti 30, jẹ́ 135. Ó wọlé wẹ́rẹ́. Síbẹ̀, ẹ wo òfin ilé iṣẹ́ tẹ́ ẹ fẹ́ bá rìn kẹ́ ẹ tó kúrò nílé. Àṣíborí ní tiẹ̀, ẹ gbé e lọ́wọ́ wọlé, torí ẹ ò mọ iye báàgì oní-kílò 23 tí wọ́n máa tò lé tiyín lórí. Epo ṣéènì àti pẹtiróòlù kò gbọ́dọ̀ wọ ọkọ̀ òfuurufú rárá. Tẹ́ ẹ bá débẹ̀, ẹ ra òmíràn.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹ̀ṣọ́ tiwa níbí, ẹ̀mí ló wà fún. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra báàgì, ẹ gbé àṣíborí yín dání lọ sọ́jà, kẹ́ ẹ kì í bọ̀ ọ́ níṣojú ẹni tó ń tà á. Tí sípù bá pa dé láìjẹ́ pé ẹ fi orúnkún tẹ̀ ẹ́, tí bàtà sì ní ibi tiẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ná an. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gun ọ̀kadà náà, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín o: fóòmù kan náà ló wà lórí yín. Ẹ má ṣe gbé e kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ gálọ́ọ̀nù pẹtiróòlù mọ́.